Kí Ni Àpèkẹ́ Akọrin Wúlò Fún?

Sátidé, 11 Oṣù Keje, 1992

Wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan! Ọ̀sẹ̀ kan péré, bí ẹni pé mo jí nǹkan wọn kó.

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí. Láti ìgbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni Bùrọ̀dá Olúmidé, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá, ti wà lọ́dọ̀ wa ní Alakia. (Níwájú rẹ̀, "ẹ" ni, pẹ̀lú ìkúnlẹ̀. Nínú ìwé yìí, Onítàn ni mò ń pè é, "ó" ni mo sì ń lò fún un. Ta ló máa rí i?) Ó gbé ìwé òyìnbó kan bọ̀, ikán ti jẹ èèpo rẹ̀ tán. Eré ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ayò, kì í ṣe lúdò. Onítàn á máa sọ ìtàn ìlú àwọn òmìrán, àwa mẹ́ta á wà nínú ìtàn náà, kálukú pẹ̀lú iṣẹ́ tirẹ̀ tó kọ sórí bébà. Ohunkóhun tó bá wù ọ́ ni o lè ní o fẹ́ ṣe. Tí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó máa bọ́ sí i, o máa kiwọ́ bọ agolo mílíìkì, o máa fa bébà kékeré kan yọ. Ọ̀kan dé ogún ló wà níbẹ̀. Ogún dáa. Ọ̀kan — o gbé.

Roheem tó ń gbé ilé kejì, jagunjagun ni. Onídà ni mò ń pè é, torí kò sí ohun tí kò fẹ́ fi idà bẹ́. Zubaidah àbúrò rẹ̀, Zubi ọ̀rẹ́ mi, olè ni (nínú eré o!). Èmi, akọrin. Mo sọ ọ́ ní Àpèkẹ́. Ó gbé gòjé kọ́ èjìká, ohùn rẹ̀ dùn, kò sì lè pa eṣinṣin.

Lónìí, òmìrán tó ń ṣọ́ ẹnubodè irin tún lù wá ní àlùbami. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Onídà fẹ́rẹ̀ẹ́ kú, Àpèkẹ́ ń kọrin. Ni Onídà bá yarí. "Ṣeun, kí ni akọrin yìí ń ṣe fún wa gan-an? Ṣé orin la máa fi di ojú ọgbẹ́ ni?" Ó ní bí Àpèkẹ́ ò bá ṣe nǹkan gidi ní Sátidé tó ń bọ̀, kí n fa bébà rẹ̀ ya, kí n di wòlíì tó ń wo egbò sàn. Ó ní ṣebí ọmọ ìjọ Kérúbù ni mí, ó ti mọ́ mi lára. Zubi náà gbà fún un! Zubi!

Mi ò ṣe wòlíì. Mo fẹ́ràn Àpèkẹ́. Mi ò tíì fẹ́ràn ohun tí mo fọwọ́ ara mi dá tó báyìí rí, títí kan búláòsì tí mo kọ́kọ́ rán ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi.

Sọ́ńdè, 12 Oṣù Keje

Inú ń bí mi.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Keje

Yéè! Mo dáràn!

Màmá gbọ́ lánàá nígbà tí mò ń sọ fún Zubi lẹ́yìn ilé pé "Sátidé ni ẹ fẹ́ pa Àpèkẹ́." Wọn ò bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n kàn gbé orúkọ náà lọ sí ìpàdé àdúrà. Mo wà níbẹ̀ jẹ́jẹ́ nínú sùtánà mi nígbà tí Wòlíì Leah ní kí gbogbo ìjọ dìde fún arábìnrin kan tó ń jẹ́ Àpèkẹ́, tí àwọn ọ̀tá ti dá ọjọ́ ikú fún. Ariwo sọ! "Kò ní kú! Yóò yè!" Agogo ń dún, àwọn ìyá ń fò sókè. Mo bojú, gbogbo ara mi ń gbọ̀n — ẹ̀rín ni o. Màmá rò pé Ẹ̀mí ti gbé mi, wọ́n dì mí mú kí n má baà ṣubú.

Olúwa, ẹ má bínú sí mi. Àmọ́ mo ṣe Àmín náà kíkankíkan.

Ọjọ́bọ̀, 16 Oṣù Keje

Mò ń bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, mo pàdé Bàbá Lìádì, bàbá Zubi, lórí kẹ̀kẹ́ wọn. Mẹ́gààdì ni wọ́n ní ọgbà iléeṣẹ́ kan lọ́nà pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìṣọ́ o, Bàbá." Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kí ẹni tó ń ṣọ́nà.

Wọ́n bọ́ sílẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́! Wọ́n ní fèrè ọkọ̀ ni gbogbo èèyàn fi ń kí àwọn ní géètì. "Ọmọ mi, ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo ti gbọ́ 'ẹ kú ìṣọ́'." Mo gbọ́ nípa orúnkún wọn. Mo gbọ́ nípa ejò tí wọ́n pa lọ́dún 1987. Wọ́n fún mi ní àgbàdo sísun tí wọ́n fẹ́ jẹ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ní kí Ọlọ́run Allah fún mi ní ọkọ rere.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kí nǹkan tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo fò sókè láàárín títì, àgbàdo bọ́.

Jímọ̀, 17 Oṣù Keje

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Abẹ́rẹ́ ti gún mi lẹ́ẹ̀mẹta lónìí.

Sátidé, 18 Oṣù Keje

À! Jẹ́ kí n yára kọ ọ́.

A dé ẹnubodè. Onídà ti yọ idà. Mo ní kó dúró. Mo dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo kúnlẹ̀ — kúnlẹ̀ gidi, lórí sìmẹ́ǹtì — mo ní: "Ẹ kú ìṣọ́ o, Bàbá. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú òtútù. Ẹ kú àìsùn."

Onítàn lanu. Ó ṣí ìwé rẹ̀ síwá, ó ṣí i sẹ́yìn. Kò sí níbẹ̀! Kò tilẹ̀ na agolo sí mi. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn òmìrán sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́: ó ti di ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí òun ti ń ṣọ́ ibí, idà ni gbogbo èèyàn fi ń kí òun. Ẹsẹ̀ ń dun òun. Òmìrán jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún! Ìgbà yẹn ni Àpèkẹ́ wá ta gòjé fún un. Ó ṣílẹ̀kùn. Ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ fún Zubi ní kọ́kọ́rọ́ tí Zubi ti ń wá ọ̀nà àtijí láti oṣù kan. Zubi pariwo débi pé adìẹ sá. Onídà gbé idà lọ́wọ́, kò mọ ibi tó máa fi sí.

Kò sẹ́ni tó máa fa Àpèkẹ́ ya. Inú mi ń dùn, inú mi ń dùn, inú mi ń dùn.

Mọ́ńdè, 20 Oṣù Keje

Gbogbo ayé ni mò ń kí. Mo kí ewúrẹ́ kan lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 23 Oṣù Keje

Zubi ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò fẹ́ sọ ìdí. Òun àti Onídà ń kọ nǹkan sórí bébà tuntun, wọ́n ń fọwọ́ bò ó. Kí ni wọ́n ń gbìmọ̀?

Sátidé, 25 Oṣù Keje

A parí ìmọ́tótó àyíká láàárọ̀, a jókòó lọ́sàn-án. Onídà gbé bébà tuntun kalẹ̀: akọrin. Zubi gbé tirẹ̀ kalẹ̀: akọrin! Akọrin mẹ́ta. Onítàn káwọ́ lérí, ó ní ó dáa náà.

A dé ààfin. Aṣọ dúdú wà lára ògiri. Olorì àwọn òmìrán jókòó sórí ẹní, kò wé gèlè, àwọn obìnrin yí i ká, wọ́n dákẹ́. Mo ti mọ̀. "Ẹ kú ọ̀fọ̀" ti wà lẹ́nu mi. Àmọ́ Onídà ti ṣíwájú mi, ó dọ̀bálẹ̀, ó fa ohùn rẹ̀ gùn: "Ẹ kú ìnáwó o, Màmá! Ẹ ó ṣe irú rẹ̀ púpọ̀!"

Fún opó! Ọkọ tí wọ́n sìn lánàá!

Kí n tó lè dí Zubi lẹ́nu, ó ti bú sórin ijó. Olorì dìde. Ẹ̀ṣọ́ mẹ́wàá jáde. A ò ní idà. Kò sí olè tó lè wá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fún wa. Mo sáré fẹ́ bẹ olorì, mo kiwọ́ bọ agolo — ọ̀kan! Àpèkẹ́ kú. Gbogbo wa kú.

Omi bọ́ lójú mi, mi ò ní purọ́. Mo wá rí Onítàn tó ń yí nílẹ̀, tó ń mú ikùn, tó ń ní "irú rẹ̀ púpọ̀, irú rẹ̀ púpọ̀", èmi náà sì bú sẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí.

Onítàn pín bébà míì. Onídà gba idà rẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Zubi padà sídìí olè jíjà. Mo na ara mi, mo ní ó ti rẹ̀ mí, ó jọ pé wòlíì ni n ó ṣe báyìí.

Gbogbo wọn yíjú sí mi.

"Ṣeun, jọ̀ọ́," Onídà ní. "Ta ló máa wá bá wa kí wọn?"

Mo yán. Ló bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà rẹ̀ kan sìmẹ́ǹtì, ó ń bẹ̀ mí pé kí n ṣe akọrin. Mo jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀ kí n tó mú bírò kọ "akọrin" sórí bébà mi.