Ohun Tó Ń Ṣe Bàbá Kì Í Ṣe Ẹ̀yìn Ríro

Àbúrò mi Tíṣà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó, mo kí àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara gbogbo yín le. Tèmi náà le, àfi ọwọ́ tí áyọ́ọ̀nù jó ní ṣọ́ọ̀bù lánàá, mi ò sì kú.

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn kì í ṣe àìsàn tiwa, pé inú ìwé òyìnbó ló ti wá, àwọn baba ńlá wa ò mọ̀ ọ́n. O ní o ń bọ̀ ní Sátidé láti gba Bàbá kúrò lọ́wọ́ dókítà, kí o sì da oògùn rẹ̀ nù. O kú ìmọ̀ o. Jẹ́ kí n ròyìn fún ọ ná.

Látìgbà tí Bàbá ti fi iṣẹ́ bíríkìlà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́ kó ní inú òun bàjẹ́. Ẹ̀yìn ló ń ro ó. Bí ẹ̀yìn bá sinmi, orí á máa gbóná. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn náà nílé ìwòsàn, kò sóhun tó ṣe é. Bí aládùúgbò bá ní, "Ṣé àlàáfíà ni?" á ní a dúpẹ́, á wọlé, á kọjú sógiri títí ilẹ̀ á fi ṣú. Oúnjẹ á tutù níwájú rẹ̀.

Dókítà bi í títí, a dúpẹ́ náà ni. Nọ́ọ̀sì kan tẹ́nu rẹ̀ mú bí abẹ ló wá ní, "Bàbá, ká ní ọmọ yín ló rí báyìí, ṣé ẹ máa fi sílẹ̀ nílé lóun nìkan?" Bàbá ní, "Ọmọ mi kẹ̀? Láéláé! Ó lè ṣe ara ẹ̀ léṣe." Ló bá bú sẹ́kún. Ẹ̀rù bà mí, Tíṣà. Mi ò rí omi lójú ọkùnrin yẹn rí, kódà nígbà tí a sin Màmá.

Mi ò kàwé tó ọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ Bàbá láti máa kọjú sógiri. Ìyẹn ń ṣe ọmọ ènìyàn, bí ibà ṣe ń ṣeni. Ohun tí wọ́n kọ́ Bàbá nílé ni kó máa pè é ní ẹ̀yìn ríro. Àwọn baba ńlá tí o ní wọn ò mọ̀ ọ́n, ta ló bi wọ́n? Ọkùnrin tó bá sunkún, ọ̀lẹ ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Máa bọ̀ ní Sátidé. Oògùn wà lọ́wọ́ mi, mi ò ní gbé e fún ọ, o sì mọ̀ mí. Láàárọ̀ yìí Bàbá jẹun, ó jágbe mọ́ mi pé ọbẹ̀ ò níyọ̀. Inú mi dùn ṣìnkìn.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fojú sunkún ara wa. Kí ilé rẹ tòrò, kí ọ̀nà rẹ já geere.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Ìyá Alágbàfọ̀.

Àfikún: Bàbá ní kí n bi ọ́ bóyá ìwọ náà ń rí oorun sùn lóru. Ó ní òun gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù níjọ́sí, òun sì mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Má sọ ọ́ dàwàdà. Kì í ṣe èmi, òun ni kí o dá lóhùn.