Kẹ̀kẹ́ Ìwọ̀ Mẹ́ta Tí O Fi Ránṣẹ́

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn ti rẹ́rìn-ín? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ nínú àpótí irin tó ń gbé yín lọ sókè ilé gíga tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí èmi ò fọkàn tán an. O ò ní rìn ní ọjọ́ tí kò dára. Àwa náà wà láàyè, a dúpẹ́. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀púpọ̀, ó ní kí o máa jẹun kí o tó jáde. Òjò ti já òrùlé ilé ìdáná lápá kan, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, káfíńtà àdúgbò wa sì ń sọ pé ọ̀la lòun máa wá tún òrùlé náà ṣe, ọjọ́ kẹtàlélógún rèé tó ti ń sọ ọ̀la.

Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù. Inú afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ fóònù ń gbà kọjá, a ò sì mọ ẹni tó dúró sọ́nà tó ń gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ ni, àwọn ẹ̀rọ kékeré tí èèyàn ń yí ọwọ́ wọn láti fi ká okùn ìwọ̀, tí o ní kí n yan ọ̀kan tó lágbára tí owó rẹ̀ ò sì gunni lápá, kí n dá méjì padà kí ọjọ́ mẹ́rìnlá tó pé. Mo kọ́kọ́ fẹ́ bi ọ́, irú oníṣòwò wo ló ń jẹ́ kí èèyàn gbé ọjà lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ méjì kó tún dá a padà? Kí ni òun fúnra rẹ̀ ń jẹ? Ó ń rùn mí nímú.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí èjìká ọ̀tún mi ti yẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ní n kò gbọdọ̀ ju àwọ̀n mọ́, n kò mú ẹja kankan wálé. Oṣù mẹ́rin gbáko nìyẹn. Èmi tí mo ti wà lórí omi láti ọmọ ọdún mọ́kànlá, iwájú ilé ni mo ń jókòó sí báyìí tí mò ń ka àwọn tó ń kọjá. Gbogbo ìgbà yẹn, ẹja ẹlẹ́nu gbàràgàdà ń fò sókè nínú adágún bí ẹni pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Káfíńtà tí kò ráyè tún òrùlé ṣe, ó ráyè wá wọn ọkọ̀ ojú omi mi lẹ́ẹ̀mejì, ó ní pákó rẹ̀ á ṣe àga mẹ́rin, ìyá rẹ ò sì lé e. Bí kẹ̀kẹ́ ìwọ̀ yìí kò bá ṣiṣẹ́, ó parí fún mi lórí omi nìyẹn. Má wò ó pé mò ń wádìí jù.

Ẹni tó fi alùpùpù gbé páálí náà wá ní kí n fi ìka kọ orúkọ mi sórí dígí fóònù òun. Kò sí bébà, kò sí bírò. Mo bi í pé kí ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ mi ṣe, ó ní kó lè hàn pé mo ti gba ọjà ni. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Ọwọ́ òsì ni mo fi kọ ọ́, mo sì kọ ọ́ wọ́gọwọ̀gọ, kó lè jẹ́ pé bí wọ́n bá fẹ́ fi gba ilé mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú, adájọ́ á rí i pé kì í ṣe ọwọ́ mi.

Èyí tó ń dán, tó wọ́n jù nínú wọn, n kò yọ ọ́ nínú ọ̀rá rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí rẹ̀ pé bọ́ọ̀lù irin mẹ́wàá àti ọ̀kan ló ń gbé e yí. Ọmọ mi, kí ló dé tí wọn ò kọ mọ́kànlá? Kí ni ọ̀kan yẹn ṣe tí wọ́n fi yà á sọ́tọ̀? Ẹni tó ní ọmọ mọ́kànlá kì í sọ pé òun ní mẹ́wàá àti ọ̀kan àfi bí ọ̀rọ̀ bá wà nílẹ̀. O ní ẹgbàajì èèyàn ló fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún márùn-ún. Mo ní kí olùkọ́ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ka ọ̀rọ̀ wọn fún mi lórí fóònù rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní ọjà tètè dé, pé páálí rẹ̀ rẹwà. Ẹyọ ẹnì kan ò sọ pé òun fi mú ẹja. Ẹnì kan ṣoṣo ló fún un ní ìràwọ̀ kan, ó ní ó dípẹtà láàárín oṣù méjì. Ẹni yẹn ni mo gbà gbọ́. Bá mi wá nọ́ńbà rẹ̀.

Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, ó fúyẹ́ jù. Mo rì í sínú garawa omi ẹrẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo rì ti àárín náà pẹ̀lú rẹ̀ kí ẹjọ́ má bàa ṣe ojúsàájú. Nígbà tí mo yọ wọ́n, èyí tí owó rẹ̀ kéré ń dún kẹẹrẹ kẹẹrẹ, ọwọ́ tí wọ́n fi ń yí i sì kán mọ́ mi lọ́wọ́. Ìyẹn ò ṣeé dá padà mọ́, má bínú. Ti àárín ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo sọ ọ́ sílẹ̀ láti orí àga, ó ṣì ń yí. N kò rí àbùkù kankan lára rẹ̀, ìyẹn gan-an ló wá jẹ́ kí ọkàn mi má balẹ̀.

Mo dè é mọ́ ọ̀pá kan, mo so ìwọ̀ mọ́ okùn rẹ̀, mo gbé e lọ sétí omi. Mo tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ bí ìwé rẹ̀ ṣe wí, mo fi ọwọ́ òsì jù ú bí mo ṣe máa ń ju àwọ̀n, mo tú gbogbo ọwọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀ balẹ̀ sí iwájú ẹsẹ̀ mi, kẹ̀kẹ́ ò dúró, okùn tú jáde ó sì lọ́ pọ̀ bí irun aṣiwèrè. Mo tú u, mo tún jù ú. Bákan náà. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta mo jókòó sílẹ̀. Má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo ní lọ́kàn mi pé ìwọ àti ìyá rẹ àti oníṣòwò yẹn ti fìmọ̀ ṣọ̀kan, pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ra ohun tí kò ní ṣiṣẹ́ kí èmi fúnra mi lè ní mo ti fi omi sílẹ̀. Ó dùn mí débi pé omi bọ́ lójú mi.

Ìyá rẹ ló bá mi níbẹ̀. Ó ti ń ṣọ́ mi láti ìdí igi, o mọ̀ ọ́n. Mo rí i pé ó mú sísọ́ọ̀sì ìránṣọ rẹ̀ dání, mo rò pé ó fẹ́ gé okùn náà dànù. Kò gé e. Ó jókòó sí etí ọkọ̀, ó fi ìka tú okùn náà fọ́nrán fọ́nrán, ó wá bi mí pé àtàǹpàkò mi ńkọ́. Ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun ti ń ránṣọ, pé bí máṣíìnì bá dúró tí òwú ò dúró, bó ṣe ń lọ́ pọ̀ nìyẹn, pé ẹni bá tú ọwọ́ sílẹ̀ pátápátá ló ń rí i, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ fara kan òwú jẹ́jẹ́, kó sì tẹ̀ ẹ́ kó tó dúró. Ó dìde, ó jù ú. Ọmọ mi, ìwọ̀ yẹn lọ, ó lọ, ó lọ bọ́ sí ibi koríko tí àwọ̀n mi ò dé rí. Kí n tó pa ẹnu mi dé, ẹja ti fà á.

Ẹja náà tó apá mi. N kò mọ ohun tí mo sọ, mo kàn mọ̀ pé mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì bẹ ìyá rẹ, ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí káfíńtà dé lánàá tòun ti okùn ìwọ̀n, ìyá rẹ ní a kì í ta ọkọ̀ tí òun ń wọ̀.

Nítorí náà, ti àárín ni mo yàn. Òun ló lágbára, owó rẹ̀ ò sì pọ̀ jù. Ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá ló gbé èyí tó ń dán dání, bá mi dá a padà pẹ̀lú bọ́ọ̀lù irin rẹ̀ tó ní àṣírí, san owó èyí tó kán, kí o sì fi èyí tó bá kù ra irú ti àárín sí i ní kíákíá. Bí kò bá tó, bá mi fi díẹ̀ kún un. Bí owó bá sì ṣẹ́ kù, ẹni tó ń bọ̀ wálé ni kí o fi rán, má fi ránṣẹ́ gba ilé ìfowópamọ́. Ẹ̀rọ owó tó wà ní oríta bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ó dá mi lójú, kí ló mọ̀ tí èmi ò mọ̀?

Ọwọ́ rẹ yóò máa mókè. Ohun tí o bá dì mú kò ní já mọ́ ọ lọ́wọ́. Ọlọ́run á fi ẹni tí yóò máa tú ohun tó bá lọ́ fún ọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ. Tètè ra kẹ̀kẹ́ yẹn o, nítorí ìyá rẹ ò gbé eléyìí sílẹ̀ fún mi láti ọjọ́ yẹn.

Èmi ni bàbá rẹ, tí ń bá ìyá rẹ yọ ẹja lẹ́nu ìwọ̀.