Ìbéèrè Tí Mo Gbà Mọ́ Télọ̀ Lọ́wọ́

Àkọ́bí mi obìnrin,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ tí kì í kí mi, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ, kò sì ní jẹ́ kí ìlú ńlá gbé ọ mì. Inú bàtà awakọ̀ ni lẹ́tà yìí gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ, nítorí àwọn ṣọ́jà ń tú àpò ní oríta. Bó bá ń rùn, ẹsẹ̀ awakọ̀ ni, kì í ṣe èmi. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ náà le. Àwọn ṣọ́jà ilẹ̀ òkèèrè tó gba ìlú wa kò tíì lọ o, onírungbọ̀n inú wọn sì ń sùn nínú yàrá rẹ, lórí bẹ́ẹ̀dì tí mo fọwọ́ ara mi kàn fún ọ.

Ohun tó ń dùn mí nìyí. Omidan kan gbé fọ́ọ̀mù dé, ó ní àwọn fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ṣọ́jà ṣe rí lára aráàlú. Ilé mẹ́rin ló ń fò kó tó ya ọ̀kan. Ṣé o mọ̀ pé ó fo ilé mi, ilé télọ̀ ló yà! Télọ̀ tó rán ṣòkòtò fún mi tí ẹsẹ̀ kan gùn ju èkejì lọ! Yàrá ta ni wọ́n gbà, tèmi àbí tirẹ̀? Mo sọ fún omidan náà pé bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ilé láti ìdí kànga, èmi gan-an ló kàn. Ó ní wọn kò kọ́ òun bẹ́ẹ̀. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun, ìyá rẹ sì ń bi mí bóyá ìyàwó ni wọ́n ń pín níbẹ̀.

Ni mo bá tẹ̀ lé e wọ yàrá tí télọ̀ ti ń ránṣọ, mo jókòó bí ẹni tó ń gbébẹ̀. Omidan ní nínú àwọn ará ilé, ẹni tí ọjọ́ ìbí rẹ̀ bá sún mọ́ jù lọ lòun máa bi. Télọ̀ ní tòun ku oṣù méjì. Mo ní tèmi, ọ̀la ni. Ìyá mi gan-an kò mọ ọjọ́ tó bí mi, àfi pé òjò ń rọ̀. Omidan bá yí bírò sọ́dọ̀ mi. Télọ̀ wò mí bí ẹni tí mo jí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, inú mi sì dùn dójú ẹ̀.

Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀: yàrá rẹ, bẹ́ẹ̀dì rẹ, bí ìyá rẹ ṣe ń kan ilẹ̀kùn kó tó wọ ilé ara rẹ̀. Àfi bí onírungbọ̀n ṣe wọlé, ó wá gba ṣòkòtò tó fún télọ̀ tún ṣe. Ó gbé ìbọn sórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ayọ́ọ̀nù, ó fi ìwọ̀nba èdè wa tó gbọ́ kí mi kú ìjókòó. Omidan bi mí pé wíwà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ wa, ṣé ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an, ṣé díẹ̀ ni, ṣé kò tẹ́ mi lọ́rùn, àbí n kò mọ̀. Ọmọ mi, ẹnu mi dáhùn pé ó tẹ́ mi lọ́rùn gan-an. Èmi kọ́, ẹnu mi ni. Ó máàkì í kíá, onírungbọ̀n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Lánàá, rédíò ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá wa ló fẹ́ràn wọn. Mo wá àwọn mẹ́sàn-án náà káàkiri àdúgbò, n kò rí ẹnì kan àfi èmi. Télọ̀ wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé ká ní òun ni wọ́n bi ni, òótọ́ lòun ì bá sọ. Wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́! Ìyá rẹ gbé àga mi fún un jókòó, ó tún bu omi tútù fún un. Èmi tí wọ́n bi, n kò rí omi gbígbóná pàápàá.

Jọ̀wọ́, wá èsì mi nínú kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì yín kí o pa á rẹ́. Mo gbọ́ pé gbogbo kọ̀ǹpútà ló so mọ́ra wọn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí o wò, ojú á ti máa tì í. Bí kò bá ṣeé ṣe, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àlọ àti àbọ̀, kí n wá bá ọ. Kí o ti ilẹ̀kùn, kí o ti fèrèsé, kí ọkọ rẹ bọ́ síta, kí o wá bi mí ní ìbéèrè náà fúnra rẹ. Má jẹ́ kí télọ̀ gbọ́, á ní òun náà ń bọ̀.

Ibi tí wàá ti máa sọ ohun tó wà nínú rẹ láìwẹ̀yìn, Ọlọ́run á fi ṣe ilé rẹ.

Èmi ni bàbá rẹ.