Ìgbátí Tó Wà Nínú Kásẹ́ẹ̀tì

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹni tí mo fẹ́ràn tí mo sì bẹ̀rù,

Mo ti lu ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ fún, torí bóyá ẹ̀yin nìkan ló lè yé.

Kọ́ḿfọ́ọ̀tì ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó ń kọ áàtò, ohùn kejì àwọn obìnrin, nínú ẹgbẹ́ akọrin tí ẹ fi lé mi lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Paynesville níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Monrovia. Sátidé tó kọjá ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn àìsàn mi. Orin bẹ̀rẹ̀, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé, orí mi sì dàrú. Mo rò pé áàtò ló ń ba nǹkan jẹ́. Mo dá wọn dúró lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo gbé irin tí a ń gbé ìwé orin lé, mo là á mọ́ ọn lẹ́nu. Ètè rẹ̀ là, eyín iwájú rẹ̀ kan kán, ẹ̀jẹ̀ sì dà sí aṣọ rẹ̀ láyà.

"Aunty, I holding my part-o," ló ń wí láàárín ẹ̀jẹ̀. "I ain't change it."

Òótọ́ ló sọ. Gbogbo wọn ló mọ̀, àfi èmi.

Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, lọ́sàn-án gangan, olè méjì lórí ọ̀kadà já báàgì mi gbà. Okùn rẹ̀ há sí mi lọ́rùn, wọ́n sì wọ́ mi nílẹ̀ títí orí mi fi lọ kọlu etí gọ́tà. Àwọn èèyàn mú ọ̀kan nínú wọn, wọ́n fi òkúta àti igi lù ú títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Mo wà nílẹ̀ níbẹ̀, mò ń gbọ́ ọ, inú mi sì ń dùn.

Ọgbẹ́ náà ti jinná, orin ni kò jinná. Bí ẹnì kan bá ń dá kọrin, ó dùn bíi ti tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kejì bá fi ohùn tirẹ̀ kún un, ó di irin tó ń ha irin. Dókítà ní kò sí ohun tó ṣe etí mi, ọpọlọ ló fara pa. Ó ní etí kàn ń kó ohùn wọlé ni. Ọpọlọ ló ń so wọ́n pọ̀, tó tún ń sáré ṣáájú orin, tó ń retí èyí tó kàn. Bí ohun tó dé kò bá jọ ohun tó ń retí, ara á ta gìrì bí ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀. Tèmi ò so nǹkan pọ̀ mọ́. Ejò ni mò ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ orin dé òpin. Mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbéraga ni, Bàbá. Mo rò pé ojú á tì mí, èmi ọmọ ọ̀gá akọrin.

Nígbà tí Màmá rí ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà lára mi, wọ́n jókòó, wọ́n ń sunkún, wọ́n wá sọ ohun tí wọn ò sọ rí. Kí ẹ tó wọṣẹ́ ológun, àwọn ọmọdé lẹ ń kọ́ lórin nílé ní orílẹ̀-èdè wa, ẹ kì í tilẹ̀ jágbe mọ́ wọn. Ìgbà tí wọ́n kó yín wá sí Monrovia láti wá parí ìjà oníjà ni bọ́ǹbù kan bú lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín nídìí afárá. Ó gbé yín lu ògiri, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde létí yín fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pe Màmá, ọkùnrin mìíràn ni wọ́n bá níbí.

Ọkùnrin mìíràn yẹn ni mo mọ̀. Ó ń fi bẹ́líìtì sójà na àwọn olóhùn tẹ́nọ̀, ó fọ́ àga mọ́ olóhùn béèsì kan lórí. Síbẹ̀, nílé, ẹ máa ń gbá irin ẹlẹ́nu méjì tí ẹ fi ń mú ohùn mọ́ orúnkún yín, ẹ ó fi ìdí rẹ̀ kan iwájú orí mi, ohùn kan ṣoṣo á máa ró nínú agbárí mi, ẹ̀yin á sì máa rẹ́rìn-ín.

Ṣé ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi gba orin wa sílẹ̀ ní Àjíǹde, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án? Ìgbátí tí ẹ gbá mi, pé mo ṣi áàtò kọ, wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti kú ni mo ti ń gbọ́ ọ, kí ìbínú mi má baà tutù, torí mo mọ̀ pé mi ò ṣi orin kọ. Bí ìgbátí bá ti dún, màá pa kásẹ́ẹ̀tì náà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Màmá, mo tún gbé e sí i. Mo gbọ́ ohun tí ẹ gbọ́, Bàbá. Irin ń ha irin, ó sì dà bíi pé ọmọ kékeré yẹn ló ń fà á. Ọwọ́ mi ti gbéra kí n tó mọ̀. Mo fẹ́ gbá a létí, bẹ́ẹ̀ èmi fúnra mi ni.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà lọ sílé Kọ́ḿfọ́ọ̀tì, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní kó bá mi gbọ́ ọ, torí etí tirẹ̀ pé. Mi ò pa á níbi ìgbátí lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọ inú kásẹ́ẹ̀tì náà sunkún. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin nìkan kọ áàtò náà, jẹ́jẹ́, láti fi bó ṣe yẹ kí n kọ ọ́ hàn mí. Kọ́ḿfọ́ọ̀tì dá a padà, ó tún un gbọ́.

"Aunty," ó ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ẹnu wíwú, "the old pa and the small girl, da the same note they singing."

Ẹ lù mí nítorí ohùn yẹn, ẹ sì wá fi ẹnu ara yín kọ ọ́. Ṣé ó rú yín lójú? Ṣé ẹ̀rù ń bà yín láti sọ, bó ṣe ń ba èmi?

Mo fẹ́ dárí jì yín pátápátá, torí ọgbẹ́ orí kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ohun kan ni kò jẹ́. Ẹkún ọmọ yẹn, ohùn kan ṣoṣo ni. Kò sí ohùn mìíràn níbẹ̀ tó lè dà á rú. Ó mọ́ gaara létí mi, ó sì mọ́ létí ẹ̀yin náà. Kí ló dé tí ẹ ò gbé mi mọ́ra?

Kọ́ḿfọ́ọ̀tì sunkún ní Sátidé. Mo gbọ́ ọ dáadáa. Mo sì ní kí wọ́n tún orin bẹ̀rẹ̀.

Mo ti gbé irin ẹlẹ́nu méjì yín fún un. Òun ni yóò máa darí akọrin. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, èmi tí mo dàgbà jù ú lọ, mo bẹ̀ ẹ́ fún ohun tí mo ṣe. Kò tíì dárí jì mí. Nígbà tí mo bẹ̀bẹ̀ tèmi tán, mi ò tíì dìde. Mo dúró lórí eékún díẹ̀ sí i, mo bá yín bẹ ọmọ inú kásẹ́ẹ̀tì fún ìgbátí tiyín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń dá áàtò tirẹ̀ kọ.