Ẹ̀fọ́ Rírò Tí Mo Gbé Lọ sí Whitby

                                        Downsview, Toronto,
                                        Kánádà.
                                        Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Kejì, 2025.

Gàfárù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé ara le? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti rọ̀ díẹ̀? Yétúndé ọmọ rẹ ńkọ́? Fatimoh ìyàwó rẹ ńkọ́ ní Ìlọrin tó lọ? Mo gbọ́ pé láti ìgbà tó ti lọ tọ́jú ìyá rẹ̀, gààrí àti búrẹ́dì nìkan ni ò ń jẹ. Pẹ̀lẹ́ o. Ní tiwa níbí, yìnyín ti bo mọ́tò mi dé ojú fèrèsé, ṣùgbọ́n inú mi ń dùn débi pé ara mi ò balẹ̀ kọ lẹ́tà yìí. Gàfárù, mo se ọbẹ̀! Èmi Olúyọmí! Tètè rẹ́rìn-ín tán, kí n ròyìn fún ọ.

O mọ̀ pé Démiládé ọmọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí ọkùnrin, Ọlámijùlọ. Ìbílọlá ìyàwó mi wà lọ́dọ̀ wọn ní Whitby, ó ń bá wọn wẹ ọmọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá ló pè mí, ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ pátápátá. Ó ní Démiládé ò jẹun mọ́, ọbẹ̀ ata tí òun ń sè fún un lójoojúmọ́ ti sú u. Omi ọmú ò wá dáadáa, ọmọ ń ké ṣáá. Nígbà tó bi í pé kí ló máa jẹ, Démiládé ní, "Mommy, I just want ẹ̀fọ́." Ẹ̀fọ́ ò sì sí nílé wọn. Bí mo ṣe gbé fóònù sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri pálọ̀ bí adìyẹ tó fẹ́ yé ẹyin.

Ni mo bá pe Hàlímátù, obìnrin kan tá a jọ ń ṣe shift níbi iṣẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Uncle, kò le rárá. Kẹ́ ẹ tó mọ̀, ó ti jinná."

Ó kọ́ mi lórí fóònù, mo lọ ra gbogbo ẹ̀, mo sè é: òótọ́ ló sọ. Gbọ́, kí ìwọ náà lè bọ́ lọ́wọ́ gààrí. Ẹ̀fọ́ tiwa níbí wà nínú ọ̀rá, ó dì gbagidi bí òkúta, ṣùgbọ́n ṣọkọ ni kí ìwọ rà. Bọ̀ ọ́ lómi gbígbóná, kí o wá fún omi rẹ̀ dànù bí ẹni ń fún aṣọ tó fọ̀. Tí o ò bá fún un dáadáa, omi ni wàá jẹ, kì í ṣe ọbẹ̀. Lọ tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà, má jẹ́ kó kúnná jù. Gbé epo pupa kaná, da irú sí i, da ata sí i, kí omi ata gbẹ títí epo á fi léfòó. Fi ẹja gbígbẹ, edé àti iyọ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni wàá tó da ẹ̀fọ́ sí i. Rò ó pọ̀, pa iná kíákíá.

Ohun tí Hàlímátù ò sọ fún mi ni pé kí n ṣí fèrèsé. Èéfín epo gba gbogbo condo, ẹ̀rọ òkè àjà tó ń kìlọ̀ iná bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro. Nathan, bàbá òyìnbó tó ń gbé òdìkejì wa, kan ilẹ̀kùn. Mo rò pé ìjà ló bá wá, àṣé ìnura ló mú dání láti bá mi fẹ́ èéfín. Mo fún un ní ṣíbí kan tọ́ wò. Omi jáde lójú rẹ̀, ó ń mí hàà hàà, ó ní, "Beautiful!"

Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìkòkò lé itan nínú ọkọ̀ ojú irin, mo dì í mú bí ọmọ tuntun. Mo tún ra ọ̀rá ẹ̀fọ́ méjì dání fún wọn. Òórùn irú gba inú ọkọ̀, àwọn èèyàn ń wò mí, èmi náà ń wo ìta.

Démiládé jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìrẹsì, kò gbójú sókè títí àwo fi mọ́. Ó ní, "Daddy, who made this?" Mo lu àyà. Ìyàwó mi ní, "Bàbá Démiládé, ẹ wojú mi. Obìnrin wo ló sè é?"

Mo búra, mo pe Ọlọ́run, kò gbà. "Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ibi tí mò ń gbé iyọ̀ sí?" Ó nawọ́ sí kíṣìnì: "Ó yá, ẹ sè é kí n rí yín." Ó gbé àga tì mí, ọmọ wà léjìká rẹ̀, ó ń ṣọ́ mi bí ẹni ń ṣọ́ olè.

Gàfárù, mo ki ọwọ́ bọ iṣẹ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹ̀fọ́, ó na ọrùn wo ọwọ́ mi. Ó ní kí n dà á sí i, mo ní, "Ẹ ní sùúrù, omi ata ò tíì gbẹ." Démiládé bú sẹ́rìn-ín, ó di inú mú: "Dádì! Ẹ ò ní pa mí o!" Ọmọ tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá wa lóhùn láti kékeré! Ọlámijùlọ mu ọmú yó lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó sùn fọnfọn.

Ìyàwó mi ńkọ́? Ó wo ìkòkò, ó wò mí, ó ní, "Láti ọjọ́ yìí wá, ẹ lè sè é!" Ó bọ́ sálúbàtà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí àga, ó ní kí n bu tòun wá, kí n má sì fi ẹja ṣahun.

Bá mi kí Yétúndé, kí o sì kí Fatimoh tó bá pè. Se ọbẹ̀ yẹn kó tó dé o, ṣùgbọ́n wá ẹlẹ́rìí.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tó ti di alásè,
Olúyọmí