Ẹ̀ṣọ́ Tó Ń Lu Onílé

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ọdẹ tó ò ń ṣe ní báńkì ń lọ déédéé? Olúwa á máa ṣọ́ ìwọ náà tó ò ń ṣọ́ nǹkan oníǹkan. Èmi ìyá rẹ ò fi bẹ́ẹ̀ gbádùn.

Ìka mi ló dá wàhálà sílẹ̀. Tí mo bá jí láàárọ̀, wọ́n á wú, wọ́n á le gbagidi, n ò ní lè di àlùmọ́gàjí mú títí oòrùn á fi mú, aṣọ àwọn oníbàárà sì ti ga dé fèrèsé. Dókítà obìnrin kan ya fọ́tò ọwọ́ mi, egungun nìkan ló jáde. Mo ní awọ dà, ṣé owó fọ́tò ò pé ni? Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ó ní ẹ̀ṣọ́ wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tó ń bá àìsàn jà, àwọn mìíràn sì ń ká wọn lọ́wọ́ kò. Tèmi ti dojú rú: oníjà pọ̀ jù, onílàjà ò tó nǹkan, ni wọ́n bá kọjú sí oríkèé ara mi. Háà! Ẹ̀ṣọ́ tí mo ń bọ́, kó wá máa lu èmi onílé!

Ó fún mi lóògùn tí á pẹ̀tù sí wọn, kí n máa lò ó lójoojúmọ́. Mo wá rò ó pé bí gbogbo wọn bá sùn, ta ló máa lé ibà? Ṣebí ìwọ lo sọ pé ọdẹ tó bá sinmi lónìí á wọṣẹ́ lọ́la. Ni mo bá ń lò ó lọ́jọ́ kan, mo ń fo ọjọ́ kejì, kí wọ́n lè máa gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Mo tiẹ̀ rò pé mo gbọ́n.

Nígbà tí dókítà gbọ́, ó káwọ́ lérí. Ó ní àìsàn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, ìsinsìnyí ló ṣeé mú. Bí mo bá tún fi oṣù díẹ̀ ṣeré, ìka mi á wọ́, kò sì ní nà mọ́. Kí ni mo fẹ́ jẹ́ láyé láìsí abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́? Ẹ̀rù ń bà mí, n ò ní purọ́. Mo ti ń lò ó lójoojúmọ́ báyìí, ọjọ́ kẹsàn-án rèé, ìka ò tíì gbọ́. Jọ̀ọ́, fi owó oògùn oṣù tó ń bọ̀ ránṣẹ́.

Ó tún bi mí bóyá ẹnì kan ti ní in rí nínú ẹbí. Mo rántí ìka màmá mi tó wọ́, tá a ní ọjọ́ orí ló fà á, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì pé àádọ́ta ọdún. Nítorí náà, bó o bá jí lọ́la, kó o tó wẹ̀, di ẹ̀ṣẹ́. Bí kò bá dì, má dá ọgbọ́n kankan bíi tèmi o, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó o gbà lọ.

Ọwọ́ rẹ ò ní kọṣẹ́ láṣẹ Èdùmàrè. Má pè mí lórí fóònù o, ohùn lè purọ́. Ìwé tó o fọwọ́ ara rẹ kọ ni mo fẹ́ rí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.