Ọmọ Mi Fagi Lé Yunifásítì Tó Wù Ú Jù

Ìyáàfin Rosalind, mo kí yín lórí ètò rédíò yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Mi ò lọ yunifásítì rí láyé mi. Girama ni mo kà mọ. Irọ́ ni mo pa fún ìyàwó mi nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ pé mo gboyè ní yunifásítì, ọmọ wa náà sì bá irọ́ yẹn nílé.

Ọmọ yìí, ẹ jẹ́ kí n pè é ní Delaney, fẹ́ di dókítà. Lánàá, ó ń dín iye yunifásítì tó fẹ́ kọ̀wé sí kù. Èyí tó wù ú jù, ní Minnesota, ní ètò kan tó ń ti àwọn tó fẹ́ ṣe dókítà lẹ́yìn, àmọ́ ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ò gboyè yunifásítì nìkan ni wọ́n ń mú. Ìyàwó mi náà ò lọ yunifásítì.

Ó fagi lé e. “Dádì, ẹ̀yin lẹ bà á jẹ́ fún mi. Ta ló ní kẹ́ ẹ kàwé?”

Ìyá rẹ̀ ní, “Fi bàbá ẹ sílẹ̀. Ṣé ó tiẹ̀ rántí nǹkan kan tó kọ́ níbẹ̀ ni?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jẹun alẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i: ìyá ni kí n kọ́kọ́ sọ fún ni, àbí ọmọ? Mi ò mọ̀. Àmọ́ lọ́la, tí mo bá ń gbé Delaney lọ sílé ìwé, màá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, màá sì sọ fún un.